Ìdìmú Ọ̀pá Ìdarí Oníbọ́tìnnì fún Bàálù Tí A Fúnra Wa Kàn: Ìbéèrè àti Ìdáhùn

Ẹni tó bá ń fúnra rẹ̀ kan bàálù yóò dé ibi ìdìmú lọ́jọ́ kan, ìyẹn ibi tí ọwọ́ ń dì mú lórí ọ̀pá ìdarí, ibẹ̀ ni ìbéèrè ti máa ń pọ̀. Èwo ni kí n rà? Bọ́tìnnì mélòó ló yẹ kó ní? Wáyà rẹ̀ ńkọ́? Àwọn tí mo máa ń gbọ́ jù ni mo dáhùn síbí. Èrò mi lórí ọ̀rọ̀ náà kò lọ́jú pọ̀: ẹ kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kí ọwọ́ yín máa ṣe láìkúrò lórí ọ̀pá, kí ẹ tó wá ìdìmú tó lè gba iṣẹ́ náà. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é lódì. Wọ́n á ra ìdìmú oníbọ́tìnnì mẹ́jọ nítorí pé ó jọ ti ọkọ̀ ogun, wọ́n á wá máa wá iṣẹ́ kiri fún bọ́tìnnì tó ṣẹ́kù. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń wọlé.

Ṣé dandan ni kí ìdìmú ní bọ́tìnnì?

Rárá o. Irin ọ̀pá tí a fi fóòmù tàbí rọ́bà bò lórí ń darí bàálù bí èyí tó wọ́n jù lọ ṣe ń darí rẹ̀. Bí bàálù yín bá jẹ́ elérò kan, tí trim rẹ̀ (ohun tó ń dín ẹrù ọ̀pá kù lọ́wọ́ awakọ̀) jẹ́ èyí tí a ń fọwọ́ fà, tí kò sì ní autopilot (ẹ̀rọ tó ń darí bàálù fúnra rẹ̀), bọ́tìnnì kan ṣoṣo fún rédíò ti tó.

Ìgbà tí bọ́tìnnì ń wúlò ni ìgbà tí kò yẹ kí ọwọ́ kúrò lórí ọ̀pá: nígbà tí a ń gbéra, nígbà tí a ń balẹ̀, nínú afẹ́fẹ́ tó ń jà, tàbí nígbà tí bàálù méjì bá ń fò pẹ́kípẹ́kí. Ọwọ́ kan wà lórí ọ̀pá, ìkejì wà lórí throttle (ohun tí a fi ń dín agbára ẹ́ńjìnnì kù tàbí fi kún un), kò sí ọwọ́ kẹta tí yóò máa wá súìṣì kiri lójú pánẹ́ẹ̀lì.

Iṣẹ́ wo gan-an ló yẹ kí bọ́tìnnì ìdìmú máa ṣe?

Mẹ́ta ni mo gbà pé ó tọ́ sí ibẹ̀ láìsí àríyànjiyàn. Àkọ́kọ́ ni bọ́tìnnì ìsọ̀rọ̀ rédíò, tí àwọn awakọ̀ òfuurufú ń pè ní PTT. Ìkejì ni trim, pàápàá èyí tó ń gba ẹrù kúrò lọ́wọ́ awakọ̀ nígbà tí imú bá fẹ́ máa gòkè tàbí máa lọ sílẹ̀. Ìkẹta, bí autopilot bá wà, ni bọ́tìnnì tó ń já a kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí autopilot bá ń ṣe ohun tí a kò rán an, orí ọ̀pá ni ọwọ́ awakọ̀ máa kọ́kọ́ lọ. Nítorí náà, ibẹ̀ ni bọ́tìnnì yẹn gbọ́dọ̀ wà, níbi tí ìka yóò ti rí i láìjẹ́ pé ojú wò ó.

Lẹ́yìn mẹ́ta yìí, ó kù sọ́wọ́ ẹni tó ń kàn án. Bọ́tìnnì tó ń pààrọ̀ ìgbì rédíò tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú èyí tó ń dúró dè é wúlò gidi fún ẹni tó ń fò níbi tí àwọn adarí òfuurufú ti ń gbé e láti ọwọ́ ẹnì kan sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Trim fún apá ọ̀tún àti òsì dára nínú bàálù tó ní táńkì epo nínú apá méjèèjì, nítorí pé bí epo apá kan ṣe ń tán, apá kejì á máa wúwo jù ú lọ. Ṣùgbọ́n bọ́tìnnì ident ti transponder (ẹ̀rọ tó ń dá rédà àwọn adarí òfuurufú lóhùn), tí a ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré nígbà tí wọ́n bá béèrè, ojú pánẹ́ẹ̀lì tó o.

Kí ẹ tó fún bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan níṣẹ́, ẹ bi ara yín ní ìbéèrè méjì. Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ọwọ́, orúnkún tàbí bẹ́líìtì ìjókòó bá tẹ̀ ẹ́ láìmọ̀? Kí ló máa ṣẹlẹ̀ bí ó bá há sínú tí kò padà jáde? Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí bébà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán wáyà yín. Bí ìdáhùn kan bá ń dẹ́rù bà yín, bọ́tìnnì yẹn kò gbọdọ̀ wà lórí ọ̀pá, tàbí kí ẹ fi ohun ààbò mìíràn tì í lẹ́yìn.

Èwo ni kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá?

Ohunkóhun tó lè pa ẹ́ńjìnnì: súìṣì iná gbogbogbòò, ti iná pílọ́ọ̀gì, ti pọ́ọ̀ǹpù epo. Bákan náà ni ẹsẹ̀ tó ń ká wọlé. Ìwọ̀nyí fẹ́ kí awakọ̀ mọ̀ọ́mọ̀ na ọwọ́ sí wọn, kí ó rí wọn, kí ó tó fọwọ́ kàn wọ́n.

Àwọn kan máa ń gbé sítátà sórí ọ̀pá. Èmi kò fara mọ́ ọn. Bí ìka bá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, eyín sítátà á lọ gbá eyín róòǹdá (irin róbótó tó ń bá ẹ́ńjìnnì yí) tó ń sáré, òun tàbí eyín róòǹdá á sì kán. Bí ẹ bá sọ pé àfi kó wà níbẹ̀, ẹ fi súìṣì kejì sójú pánẹ́ẹ̀lì, kí iná gba inú àwọn méjèèjì kọjá, kí ẹ sì máa pa ti pánẹ́ẹ̀lì ní kété tí ẹ́ńjìnnì bá ti dáhùn.

Flap, pátákó ẹ̀yìn apá bàálù tí a ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí a bá ń balẹ̀, ni ó máa ń fa àríyànjiyàn jù. Ó dùn ún lò lórí ọ̀pá nígbà tí a bá ń balẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n gbogbo bàálù ló ní iyára tí flap kò gbọdọ̀ jáde kọjá rẹ̀, bọ́tìnnì kò sì mọ iyára tí ẹ wà. Ẹ̀rọ ìpín-iná bíi VP-X ti Vertical Power lè kọ̀ láti mú flap jáde bí iyára bá ti kọjá ibi tí ẹ fi sí. Bí ẹ bá ní irú rẹ̀, kò burú. Bí ẹ kò bá ní in, ẹ gbé súìṣì flap sẹ́gbẹ̀ẹ́ throttle.

Irú ìdìmú wo ló wà lọ́jà?

Ray Allen, tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kan bàálù Van's RV (irú bàálù tí a ń rà ní ègé kí a tó kàn án) mọ̀ nítorí motor trim rẹ̀, ń ta àwọn ìdìmú kéékèèké tó fúyẹ́, tí bọ́tìnnì trim wà lójú wọn, tí ti rédíò sì wà níwájú fún ìka ìlábẹ̀. Wọn kì í gba àyè púpọ̀, ìyẹn ló jẹ́ kí wọ́n dára fún bàálù tí ibi ìjókòó rẹ̀ há. Ìdìmú Infinity tóbi jù wọ́n lọ, a gbẹ́ ẹ bá ìrísí àtẹ́lẹwọ́ mu, ti ọwọ́ ọ̀tún wà, ti òsì wà. Tosten náà ń ṣe èyí tó ní ìrísí ti ológun, tó ní bọ́tìnnì tí a lè tì sí ọ̀nà mẹ́rin, tí a ń pè ní hat.

B-8 tún wà, ìdìmú ńlá tí àwọn ọkọ̀ òfuurufú ológun Amẹ́ríkà lò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwọn kan ń ra èyí tí ológun ti lò tẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn ń ra tuntun tí a ṣe bá ìrísí rẹ̀. Súìṣì inú rẹ̀ lágbára gan-an. Ṣùgbọ́n ó ga, ó sì tóbi. Nínú bàálù kékeré tí ọ̀pá rẹ̀ kúrú, ó lè jẹ́ pé ìdìmú nìkan á gba ìdajì gíga ọ̀pá náà. Bí ẹ bá ra èyí tí a ti lò, ẹ tú u, kí ẹ fi mítà wọn súìṣì kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó gbà pé ó ṣì ń ṣiṣẹ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ wá ẹni tó ní irú rẹ̀, kí ẹ jókòó sínú bàálù rẹ̀, kí ẹ di ìdìmú náà mú fún ìgbà pípẹ́ díẹ̀ pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tí ẹ máa ń wọ̀. Ẹ di ojú, kí ẹ wá bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Bí àtàǹpàkò bá ní láti sún kúrò níbi tó ti dì mú kí ó tó dé orí trim, ọ̀pá á máa mì ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ ṣe trim. Àwòrán kò lè sọ èyí fún yín.

Ti ọwọ́ ọ̀tún ni kí n rà, àbí ti òsì?

Ibi tí throttle wà ló máa sọ. Nínú bàálù tí ẹnì kan jókòó sẹ́yìn ẹnì kejì, bíi RV-8, throttle wà lápá òsì, ọwọ́ ọ̀tún ló ń di ọ̀pá mú. Long-EZ náà ń lo ọwọ́ ọ̀tún, àfi pé ẹ̀gbẹ́ ni ọ̀pá tirẹ̀ wà. Ṣùgbọ́n nínú RV-7 àti irú rẹ̀, níbi tí èrò méjì ti jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn tí throttle sì wà láàárín, awakọ̀ tó jókòó sápá òsì á fi ọwọ́ òsì di ọ̀pá mú, ọ̀tún á sì wà lórí throttle.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rántí èyí títí ìdìmú ọwọ́ ọ̀tún yóò fi dé. Nínú bàálù elérò méjì tó wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara, ìdìmú tí ìhà rẹ̀ méjèèjì dọ́gba ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé a máa ń yí ọwọ́ padà nígbà tí a bá ń kọ nǹkan sílẹ̀ tàbí tí a ń yí ìgbì rédíò.

Báwo ni kí n ṣe mọ̀ pé ìdìmú náà kò ní máa gbá nǹkan?

Ẹ má ṣe gé irin ọ̀pá títí ẹ ó fi dán an wò. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí pé irin tí a bá ti gé kò ṣe é fà gùn mọ́.

Ẹ kó tìmùtìmù ìjókòó gidi síbẹ̀, ẹ de bẹ́líìtì, kí ẹni tó sanra jù nínú àwọn tó máa fo bàálù náà jókòó. Ẹ fi ìdìmú sórí ọ̀pá láìtíì dè é pa. Lẹ́yìn náà, ẹ ti ọ̀pá dé òpin níwájú, kí ẹ gbé e lọ sọ́tùn-ún àti sósì níbẹ̀. Ẹ fà á dé òpin lẹ́yìn, kí ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ wo bóyá ìdìmú kan pánẹ́ẹ̀lì, itan, ikùn, ìdè bẹ́líìtì, tàbí bébà àwòrán ilẹ̀ tó wà lórí orúnkún. Ẹ̀yìn pátápátá ni mo máa ń bẹ̀rù jù, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀pá máa ń dé nígbà tí a bá fẹ́ fẹsẹ̀ kanlẹ̀ pẹ̀lẹ́. Bí ikùn bá dá ọ̀pá dúró kí elevator (pátákó ìrù tó ń gbé imú sókè tàbí sílẹ̀) tó dé òpin ìrìn rẹ̀, ẹ ti pàdánù apá kan agbára tó yẹ kó gbé imú sókè, ẹ kò sì ní mọ̀ títí ilẹ̀ yóò fi súnmọ́.

Bí ìdìmú bá ga jù, ẹ gé irin náà díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tún dán an wò lẹ́yìn gígé kọ̀ọ̀kan. Ẹ rántí pé ọ̀pá tó kúrú á nílò agbára ọwọ́ púpọ̀ sí i láti ṣe iṣẹ́ kan náà, bàálù á sì dà bí èyí tó tètè ń dáhùn ju bó ti rí lọ, nítorí pé ìrìn ọwọ́ ti kúrú.

Báwo ni a ṣe ń dè é mọ́ irin?

Kí ó má lè yí, kí ó má sì lè fà yọ. Ìdìmú tó yọ lọ́wọ́ awakọ̀ nígbà tó ń fa imú bàálù sókè jẹ́ ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni rí láyé. Àwọn kan ní bóòtù tó ń fún irin mọ́ra, àwọn kan ní kí a lu ihò la irin kọjá. Bí ẹ bá máa lu ihò, ẹ jẹ́ kí ó kéré bí ìwé olùṣe ṣe sọ, kí ó wà lókè pátápátá níbi tí irin kò ti ń gba ìtẹ̀ púpọ̀, kí ẹ sì fá etí rẹ̀ kí ó má gé wáyà inú.

Òfin ìkànbàálù Amẹ́ríkà FAR 23.397, kí wọ́n tó tún Part 23 kọ ní 2017, fi pọ́ọ̀nù 167, bíi kìlógíráàmù 76, ṣe ìwọ̀n agbára tó pọ̀ jù tí a gbọ́dọ̀ kà sí pé awakọ̀ lè fi fa ọ̀pá elevator. Kò pọn dandan kí bàálù tí a fúnra wa kàn tẹ̀lé òfin yẹn, ṣùgbọ́n ó sọ ohun tí apá ènìyàn lè ṣe nígbà tí ẹ̀rù bá bà á. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn nígbà tí ẹ bá ń wo sukúrù kékeré kan ṣoṣo tó di ìdìmú yín mú.

Ṣé mo lè lo ti ẹ̀rọ eré kọ̀ǹpútà, tàbí kí n fi ẹ̀rọ 3D tẹ̀ ẹ́ jáde?

Ìdìmú eré lẹ́wà, kò sì wọ́n. Ìṣòro rẹ̀ ni pé bọ́tìnnì rẹ̀ ni a ṣe fún iná tín-ín-tín tí kọ̀ǹpútà ń kà, a kò ṣe é láti gbé iná motor. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, bọ́tìnnì kò ní wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bóòdù kékeré inú ìdìmú ló ń kó ìròyìn gbogbo wọn jọ sórí wáyà díẹ̀. Ẹ gbọ́dọ̀ yọ bóòdù náà, kí ẹ fi súìṣì tó dára rọ́pò. Ike rẹ̀ sì máa ń jẹ́ ìlàjì méjì tí sukúrù kéékèèké so pọ̀, a kò ṣe é fún irú ìfà tí mo sọ lókè.

Ti 3D ṣe é ṣe, bí ẹ bá mọ ohun tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Nínú àwọn ike tí ẹ̀rọ yìí ń lò, PLA ń rọ̀ ní bíi 60°C, bàálù tí a gbé sínú oòrùn pẹ̀lú ìbòrí gíláàsì lórí lè gbóná dé ibi tó léwu fún un. PETG ń fara da bíi 80°C, ABS ń kọjá 100°C díẹ̀. Ohun tí mo máa ń dámọ̀ràn ni pé kí irin ọ̀pá fúnra rẹ̀ gòkè wọ inú ìdìmú títí dé bíi òkè, kí ike jẹ́ aṣọ tó bo irin lára. Bí ike bá fọ́, ọwọ́ á ṣì bá irin.

Iná mélòó ni bọ́tìnnì inú ìdìmú lè gbé?

Díẹ̀ ni. Ẹ wo ìwé olùṣe fún iye ámpù rẹ̀, kí ẹ sì fi sọ́kàn pé iye tí wọ́n kọ fún gílóòbù tàbí resistor kì í ṣe iye tó lè gbé fún motor àti kọ́ìlì. Ohun tí a bá fẹ́ tan tó gba iná púpọ̀, ẹ jẹ́ kí bọ́tìnnì tan rìléè (súìṣì tí iná kékeré ń tan), kí rìléè gbé ẹrù. Kọ́ìlì contactor sítátà (rìléè ńlá tó ń gbé iná lọ sí sítátà) nìkan lè gba ámpù 3 sí 4, kò sí bọ́tìnnì àtàǹpàkò tó yẹ kó máa gbé ìyẹn.

Nígbà tí a bá pa iná lórí kọ́ìlì, ó máa ń tu iná padà lójijì, fóòtì rẹ̀, ìyẹn agbára tó ń ti iná, sì lè ga lọ́nà tó ju ti bátìrì lọ fíìfíì. Iná yẹn á fò láàárín ojú súìṣì, á máa jó o díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi lẹ̀ pọ̀. Bọ́tìnnì tó lẹ̀ pọ̀ ti di bọ́tìnnì tó há. Ẹ fi dáyọ́ọ̀dù (ohun kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba ìhà kan ṣoṣo) sí kọ́ìlì kọ̀ọ̀kan, 1N4001 títí dé 1N4007 ló wọ́pọ̀, kí ìhà tó ní ìlà kọjú sí pósítíìfù.

Ṣé kí bọ́tìnnì máa gé pósítíìfù ni, àbí áàtì?

Ti rédíò, kò sí ohun tí ẹ fẹ́ yàn: PTT máa ń ṣiṣẹ́ nígbà tí wáyà rẹ̀ bá kan áàtì, ìyẹn ìhà négétíìfù tí iná ń gbà padà sí bátìrì. Fún àwọn yòókù, ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi áàtì ṣe é nítorí pé wáyà áàtì kan ṣoṣo á tó gbogbo bọ́tìnnì, kò sì sí wáyà pósítíìfù kankan nínú ọ̀pá. Èrò yẹn dára. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó síwájú sí i: bí ara wáyà bá ṣí tó sì kan irin ọ̀pá, rìléè á tàn bí ẹni pé ìka tẹ bọ́tìnnì. Bí ó bá jẹ́ wáyà trim, trim ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn nìyẹn láìsí ẹni tó rán an. Bí ó bá jẹ́ pósítíìfù ni bọ́tìnnì ń gé, wáyà pósítíìfù tí ara rẹ̀ bá ṣí á jó fíúsì, iṣẹ́ á dúró, nǹkan kan kò ní rìn.

Èmi á lo áàtì fún rédíò àti fún jíjá autopilot, n ó sì lo pósítíìfù tó ní fíúsì kékeré tirẹ̀ fún trim. Ẹlòmíràn lè yàn lọ́nà mìíràn, bó bá ti ro ohun tí wáyà tó bá ṣí lè fà. Ẹ má sì jẹ́ kí ohun gbogbo gbára lé wáyà áàtì kan. Bí ìyẹn bá já, rédíò, trim àti bọ́tìnnì autopilot á kú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Wáyà wo ni kí n lò, báwo ló ṣe máa gba inú ọ̀pá kọjá?

Wáyà bàálù tí a fi ike Tefzel bò, 22 AWG (ìwọ̀n sísanra wáyà; bí nọ́ńbà bá ń pọ̀, wáyà ń tín-ín-rín), ló wọ́pọ̀. Inú ìdìmú tí àyè há, 24 tàbí 26 AWG tó fún bọ́tìnnì tí kò gbé ẹrù. Kí ó jẹ́ èyí tó ní ọ̀pọ̀ okùn nínú, nítorí pé wáyà olókùn kan á kán níbi tó ti ń tẹ̀ lọ tẹ̀ bọ̀. Ìwé ìtọ́sọ́nà AC 43.13-1B ti FAA, àjọ tó ń ṣàkóso ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà, ní orí kan odindi lórí wáyà, ó yẹ ní kíkà.

Ìsàlẹ̀ ọ̀pá ni ibi tó lẹ́gẹ́ jù. Níbẹ̀ ni wáyà ti ń kúrò lára ohun tó ń rìn bọ́ sára ohun tó dúró. Ẹ fá etí irin, ẹ fi rọ́bà sí i, ẹ so wáyà mọ́ ọ̀pá lókè àti mọ́ ara bàálù nísàlẹ̀, kí ẹ fi ìtẹ̀ tó dẹ̀ sílẹ̀ láàárín wọn. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé ọ̀pá lọ sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ wò ó pẹ̀lú iná tọ́ọ̀ṣì. Kò gbọdọ̀ sí ibi tí wáyà ti le tantan, kò sì gbọdọ̀ sí ibi tí ó ti lè bọ́ sáàárín àwọn apá irin tó ń gbé elevator tàbí aileron (pátákó apá bàálù tó ń mú un fẹ̀gbẹ́ sọ́tùn-ún tàbí sósì). Kọ̀nẹ́tọ̀ tí kò ní ìdè lè ṣubú sí irú ibẹ̀ kí ó sì há ọ̀pá mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àléébù iná tí mo ti sọ, ènìyàn lè fò dé ilé pẹ̀lú wọn. Ọ̀pá tó há yàtọ̀ pátápátá.

Ẹ lo kọ̀nẹ́tọ̀, bíi D-sub oníẹsẹ̀ 9 tàbí 15, dípò kí ẹ fi lẹ́ẹ̀dì jó gbogbo rẹ̀ pọ̀, kí ìdìmú lè ṣe é yọ láìgé wáyà.

Bí trim bá ń rìn tí kò dúró ńkọ́?

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí súìṣì tàbí bírékà tó ń pa iná trim wà níbi tí ọwọ́ lè dé láìwá a, kí àmì rẹ̀ sì hàn. Trim nìkan ṣoṣo ni kó máa pa.

Èkejì ni iyára motor. Trim tó rọra ń rìn nígbà tí bàálù ń balẹ̀ á dà bí ẹni pé ó ń fò sókè bọ́ sílẹ̀ nígbà tí bàálù bá ń sáré, nítorí pé agbára afẹ́fẹ́ lórí pátákó kékeré tí trim ń gbé lẹ́yìn elevator ń pọ̀ sí i bí iyára ṣe ń pọ̀. Ẹ̀rọ tó ń dín iyára motor kù wà, àwọn autopilot òde òní kan sì máa ń dín in kù fúnra wọn bí bàálù bá ń sáré. TCW Technologies ń ta ohun èlò kan tó ń jẹ́ Safety-Trim, tó ń dá motor dúró bí bọ́tìnnì bá há.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn ènìyàn máa ń fò: nígbà ìdánwò, ní gíga tí kò léwu, ẹ mú trim lọ díẹ̀díẹ̀ sí ìhà kan, kí ẹ mọ bí ọ̀pá ṣe ń wúwo tó, ní iyára kékeré lákọ̀ọ́kọ́. Ó yẹ kí ẹ mọ̀ ṣáájú bóyá apá yín lè di bàálù náà mú títí ilẹ̀ bí trim bá há sí òpin. Bí kò bá lè dì í mú, ẹ dín ìrìn trim kù.

Nínú bàálù tó ní ọ̀pá méjì, ta ló láṣẹ?

Awakọ̀ ni. Ẹ fi súìṣì kan sójú pánẹ́ẹ̀lì tó ń pa gbogbo bọ́tìnnì ọ̀pá kejì, àyàfi rédíò bí ẹ bá fẹ́. Ọmọdé tó jókòó síbẹ̀ á fọwọ́ kan gbogbo bọ́tìnnì tó bá rí, kò sì ní ẹ̀bi. Ọ̀pọ̀ ń fi fóòmù àti PTT nìkan sí ọ̀pá kejì, mo rò pé ìyẹn ló bọ́gbọ́n mu jù, àfi bí ẹ bá fẹ́ máa kọ́ ẹlòmíràn ní fífò.

Bí ọ̀pá méjèèjì bá ní trim, ẹ má so bọ́tìnnì wọn tààrà mọ́ motor. Bí ẹnì kan bá tẹ òkè tí ẹnì kejì tẹ ìsàlẹ̀, iná á kó lu ara wọn. Rìléè méjì ló ń tún un ṣe: ọ̀kọ̀ọ̀kan gbé ẹsẹ̀ motor kan sórí áàtì nígbà tó bá sinmi, ó sì ń gbé e lọ sórí pósítíìfù nígbà tí a bá tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Bí ènìyàn méjì bá tẹ̀ lódì sí ara wọn, ẹsẹ̀ méjèèjì á wà lórí pósítíìfù, motor á dúró jẹ́ẹ́, fíúsì kò ní jó. Mo fẹ́ràn ètò yìí gan-an. Ray Allen ń ta rìléè tó wà fún irú iṣẹ́ yìí, ẹni tó bá sì mọ wáyà lè fọwọ́ ara rẹ̀ so ó.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ pé PTT mi ti há?

Ẹ máa wo àmì ìsọ̀rọ̀jáde lójú rédíò lẹ́yìn tí ẹ bá ti sọ̀rọ̀ tán. Nígbà tí PTT bá há, ẹ ò ní gbọ́ ẹnikẹ́ni mọ́, àwọn yòókù lórí ìgbì yẹn náà kò ní lè sọ̀rọ̀. Rédíò tuntun púpọ̀ máa ń dáwọ́ dúró fúnra rẹ̀ lẹ́yìn nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú, ti àtijọ́ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá há, ẹ fi èékánná fa bọ́tìnnì náà jáde. Bí kò bá gbọ́, ẹ pa rédíò, kí ẹ sì tàn án nígbà tí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nìkan.

Kí ni kí n yẹ̀ wò kí n tó fò?

Ìhà tí trim ń lọ, ṣáájú ohun gbogbo. Bí ẹ bá ti hat síwájú, imú gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀. Ẹ má gba àmì ojú pánẹ́ẹ̀lì gbọ́. Ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹlòmíràn máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ lọ wo pátákó kékeré lẹ́yìn elevator fúnra rẹ̀. Fún imú tó ń lọ sílẹ̀, pátákó yẹn ń gòkè, torí pé òun ló ń ti elevator wá sílẹ̀. Ó máa ń da orí ènìyàn rú, ìdí nìyẹn tí wáyà fi sábà máa ń yí padà níbẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ tan autopilot lórí ilẹ̀, ẹ jẹ́ kí ó di ọ̀pá mú, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì ìjáwọ́, kí ẹ rí i pé ọ̀pá rọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ tẹ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọ̀pá ní igun kọ̀ọ̀kan, nítorí pé wáyà tó ti kán nínú lè máa ṣiṣẹ́ ní àárín, kí ó kọṣẹ́ nígbà tí ọ̀pá bá wà lẹ́yìn pátápátá. Ẹ sì sọ̀rọ̀ sórí rédíò kí ẹ máa wo trim àti autopilot. Agbára rédíò máa ń wọ inú wáyà tí kò ní ìbòrí, mo sì ti rí autopilot tó ń gbọn ọ̀pá ní gbogbo ìgbà tí awakọ̀ bá sọ̀rọ̀.

Ṣé àṣẹ wà lórí rẹ̀?

Lábẹ́ ẹ̀ka Experimental Amateur-Built (ti bàálù tí a fúnra wa kàn) ní Amẹ́ríkà, kò sí ẹni tó máa béèrè ìwé ẹ̀rí fún ìdìmú yín, ṣùgbọ́n ẹni tó wá yẹ bàálù wò á wo wáyà àti ìrìn ọ̀pá. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, LAA, ẹgbẹ́ tó wà fún bàálù kéékèèké, ló ń bójú tó àyípadà lára bàálù bẹ́ẹ̀, òun sì ni kí ẹ bi kí ẹ tó lu ihò sára ọ̀pá. Níbòmíràn, ẹ bi aláṣẹ tiyín.

Bọ́tìnnì tó ṣẹ́kù tí kò níṣẹ́ ńkọ́?

Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ fa wáyà rẹ̀ dé kọ̀nẹ́tọ̀ ìsàlẹ̀, kí ẹ bo ẹnu rẹ̀, kí ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sínú ìwé bàálù, kí ẹ má so ó mọ́ nǹkan kan. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti fò ó fún ìgbà díẹ̀, ẹ ó mọ̀ bóyá ọwọ́ yín ń wá iṣẹ́ kan tí kò sí níbẹ̀. Bí ó bá ń wá a, wáyà ti wà nílẹ̀.